Omi Tó Pọ̀ àti Omi Tó Wọ́n: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí À Ń Gbé Etí Odò Ọya

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run.



Ìtàn kan wà nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá láti ẹnu Anas ọmọ Malik. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ń ṣe kútúbà lọ́wọ́ ní mọ́sálásí Mẹ̀dínà. Ọkùnrin kan wọlé, ó sì fi ẹjọ́ sùn pé ọ̀dá ti pa ẹran ọ̀sìn àwọn, ọ̀nà sì ti dí, kí Ànábì bá àwọn tọrọ òjò lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ànábì gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó tọrọ. Kò sí ìkúùkù kankan lójú ọ̀run nígbà náà, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí òjò fi dé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn kò fi fojú kan oòrùn. Nígbà tí Jímọ̀ kejì pé, ọkùnrin kan tún wọlé. Wọ́n bi Anas bóyá ẹni ti àkọ́kọ́ náà ni, ó ní òun kò mọ̀. Ohun tí eléyìí wí ni pé dúkìá ti ń ṣègbé, ọ̀nà sì ti dí, kí Ànábì bá àwọn bẹ Ọlọ́hun kí Ó dá òjò náà dúró.

Ẹ jẹ́ kí á wo àdúrà tí Ànábì ṣe lẹ́ẹ̀kejì yìí dáadáa, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Kò tọrọ pé kí omi tán pátápátá. Ó tọrọ pé kí òjò náà máa rọ̀ sí àyíká wọn, kí ó má rọ̀ lé wọn lórí. Kí ó lọ sí orí òkè, kí ó lọ sí àfonífojì, kí ó lọ sí ìdí igi. Omi kan náà ni, ibi tí ó ń lọ ni Ànábì bẹ Ọlọ́hun kí Ó yí padà. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ, ìlú kan ṣoṣo ti sunkún àìrómi, ó sì ti sunkún omi àpọ̀jù.

Àwa ará Kpata mọ ẹkún méjèèjì. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, okùn kànga wa kì í tó mọ́, àwọn ọmọ á gbé kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, omi tí a ń wá kiri yẹn ni yóò wọlé wá bá wa lórí ibùsùn. Ẹ̀kọ́ tòní kò ju èyí lọ: omi kì í ṣe ọ̀tá wa, àmánà ni. Ohun tí Ọlọ́hun yóò bi wá léèrè ni ibi tí a fi í sí, bí a ṣe pín in, àti ẹni tí a jẹ́ kí ó pa nígbà tí a lè ṣe nǹkan sí i.

Ibi tí omi wa ti ń bọ̀

Odò tí Yorùbá ń pè ní Ọya, tí Hausa ń pè ní Kwara, tí àwọn Nupe tí a jọ ń gbé Kpata ń pè ní Edu, ọ̀nà jíjìn ni ó ti ń bọ̀. Orí òkè ilẹ̀ Gínì ni ó ti ṣẹ̀, níbi tí òjò ti pọ̀. Orísun rẹ̀ yẹn kò jìnnà sí òkun rárá, nǹkan bíi kìlómítà 240 ni. Ṣùgbọ́n dípò kí ó yà sínú òkun tí ó wà nítòsí, ó kẹ̀yìn sí i, ó sì dojú kọ aṣálẹ̀. Ó la ilẹ̀ Mali kọjá, ó dé ẹ̀bá Timbuktu, ó ṣẹ́rí padà gba Gao àti Niamey, kí ó tó wọ Nàìjíríà láti ìhà Kebbi. Nígbà tí yóò bá fi dé òkun ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún, ó ti rin nǹkan bíi kìlómítà 4,200.

Ní Mali, odò náà tẹ́ rẹrẹ sínú irà ńlá kan, oòrùn ibẹ̀ a sì máa fà á. Nǹkan bí ìlàjì omi tí ó bá wọ irà náà ni kì í jáde mọ́. Ẹ má pè é ní òfò o. Lórí omi yẹn ni àwọn apẹja, àwọn Fúlàní darandaran àti àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ilẹ̀ náà gbọ́kàn lé. Òjò tí ń rọ̀ ní Timbuktu lọ́dún kan kò ju nǹkan bíi mìlímítà 200 lọ, nígbà tí tiwa ní Lọ́kọ́ja tó nǹkan bíi 1,200. Bí kò bá sí odò tí ó gbé òjò àwọn ará Gínì wá fún wọn, ta ni ìbá gbé ibẹ̀?

Nítorí jíjìn ọ̀nà yìí, ìkún omi méjì ni Ọya ń gbé wọ Nàìjíríà lọ́dún. Èkíní ni ti òjò tí ó rọ̀ nítòsí, ní agbègbè Sokoto àti Kebbi. Oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ni ó máa ń dé, ó máa ń gbé ẹrẹ̀ púpọ̀ lọ́wọ́, àwọn tí ń wọn odò a sì máa pè é ní omi funfun. Èkejì ni òjò ilẹ̀ Gínì fúnra rẹ̀, tí ó ti rin ìrìn oṣù púpọ̀, tí ó ti da ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú irà Mali. Ìgbà ọyẹ́ ni èyí ń wọlé, ó mọ́ gaara, omi dúdú ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò rí i bí Ọlọ́hun ṣe ṣètò rẹ̀: òjò tí ó rọ̀ nígbà tí gbogbo wa ní omi, ó fi í pamọ́ sójú ọ̀nà, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ilẹ̀ gbẹ.

Odò Bénúé ní tirẹ̀ wá láti òkè Adamawa ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù. Níbí, lójú wa, ni ó ti pàdé Ọya. Ẹni tí ó bá gun òkè Patti á rí àwọ̀ omi méjèèjì bí wọ́n ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí wọ́n tó dàpọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń gbé Kpata, ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ni òjò orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń gbà kọjá.

Ọmọ aráyé náà ti ṣe ètò tirẹ̀ sí i. Ní ọdún 1947 ni wọ́n parí ìsédò Markala ní Mali, láti fi omi Ọya dá oko ìrẹsì. Ní ọdún 1968 ni dáàmù Kainji tiwa parí, tí ó ń fún wa ní iná mànàmáná. Ní ọdún 1982 ni Kamẹrúùnù parí dáàmù Lagdo lórí Bénúé, nítòsí ìlú Garoua. Kì í ṣe ìkà ni ó mú wọn sé odò. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn tó tèmi á rántí ọ̀dá tí ó jà ní ìhà àríwá láàárín ọdún 1983 sí 1984. Ní ọdún 1985, Odò Ọya dá ní Niamey, kò ṣàn mọ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Adágún Chad, tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 25,000 níbùú lóròó ní ọdún 1963, sún kì débi pé kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀ mọ́ ní àwọn ọdún 1980 wọ̀nyẹn. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá rí irú èyí, bí ó bá rí omi, yóò sé e mọ́lẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá pọ̀ lápọ̀jù, tí dáàmù kún, ẹni tí ó sé omi gbọ́dọ̀ ṣí i, kí dáàmù má bàa wó. Ọ̀dọ̀ àwa tí a wà nísàlẹ̀ ni ó ń bọ̀ nígbà náà. Ní ọdún 2012, òjò wa pọ̀, Kainji àti Lagdo kún, wọ́n ṣí wọn sílẹ̀. Ojú òṣùwọ̀n odò tí ó wà ní Lọ́kọ́ja fi hàn pé omi lé ní mítà 12. Àwọn ènìyàn 363 ni ìjọba kà pé ó kú ní Nàìjíríà lọ́dún náà, àwọn tí ó sá kúrò nílé lé ní mílíọ̀nù méjì. Ní ọdún 2018, ìpínlẹ̀ wa Kogi wà nínú ìpínlẹ̀ mẹ́rin tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé àjálù omi ti bá. Ní ọdún 2022, omi gòkè ju ti 2012 lọ. Àwọn tí ó kú jákèjádò orílẹ̀-èdè lé ní 600, ọ̀nà Lọ́kọ́ja sí Abuja dí, àwọn ọkọ̀ epo tò síbẹ̀, Abuja kò sì rí epo rà. Kí a má purọ́ mọ́ àwọn ará Kamẹrúùnù o: kì í ṣe Lagdo nìkan ni ó ṣe é, òjò tí ó rọ̀ sórí ilẹ̀ tiwa náà pọ̀. A sì ti ń gbọ́ tipẹ́ nípa dáàmù Dasin Hausa tí ó yẹ kí a kọ́ sí Adamawa, kí ó lè gba omi Lagdo dúró. Omíyalé mẹ́ta ni mo kà yìí, kò sí èyí tí ó bá dáàmù náà ní kíkọ́ nínú wọn.

Ẹni òkè àti ẹni ìsàlẹ̀ nínú Ìsìláàmù

Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ dáàmù àti odò, ti ìjọba ni, kò kan àlùfáà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú ìwé Muwatta ti Imam Malik, tí mẹ́síhábì wa dúró lé, ìdájọ́ kan wà nípa odò àgbàrá méjì ní Mẹ̀dínà, Mahzur àti Mudhaynib. Ànábì dá a pé kí ẹni tí oko rẹ̀ wà lókè gba omi títí yóò fi dé kókósẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó tú u sílẹ̀ fún ẹni ìsàlẹ̀. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ náà yé: ẹni òkè ní ẹ̀tọ́, òun ni yóò kọ́kọ́ mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní òdiwọ̀n. Kò gbọdọ̀ gbà á tán kí ẹni ìsàlẹ̀ má rí mu.

Ọlọ́hun fi irú rẹ̀ hàn nínú ìtàn Ànábì Sọ́líù àti abo ràkúnmí rẹ̀. Súrà Ash-Shu'araa sọ fún wa pé ràkúnmí ní ọjọ́ tirẹ̀ láti mu omi, àwọn ènìyàn náà sì ní ọjọ́ tiwọn. Ẹranko ni o, síbẹ̀ wọ́n pín omi fún un. Ìgbà tí wọ́n rú òfin ìpín yìí, tí wọ́n pa ràkúnmí náà, ni ìyà sọ̀kalẹ̀ sórí wọn. Nínú hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá, Ànábì ka omi mọ́ ohun mẹ́ta tí àwa Mùsùlùmí jọ ni ín, àwọn méjì yòókù ni koríko àti iná. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kànga, tí omi rẹ̀ ṣẹ́ kù, tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ aládùúgbò tí òùngbẹ ń gbẹ, kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Àwọn orílẹ̀-èdè tí Ọya àti àwọn ẹ̀ka rẹ̀ ń gbà kọjá náà mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn jókòó. Ní ọdún 1964 ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ odò náà sílẹ̀. Ní ọdún 1980 ó di Àjọ Odò Ọya, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Niamey, tí orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá kò yàtọ̀ sí ìdájọ́ Mahzur: kí ẹni òkè gbà, kí ó sì fi sílẹ̀, kí ó sì wí fún ẹni ìsàlẹ̀ kí ó tó ṣí omi.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí á máa nàka sí Kamẹrúùnù nìkan. Àwa náà, ẹni òkè ni wá lójú àwọn kan. Omi tí ó bá kúrò ní Kpata, Ìdàh ni ó ń lọ, ó ń lọ sí Onitsha, ó ń lọ sí etí òkun. Ìdọ̀tí tí a bá jù sínú rẹ̀ láàárọ̀, ẹnìkan ní ìsàlẹ̀ ni yóò fi ìgbá gbé e kúrò lójú omi kí ó tó pọn ọ́n. Ẹ rántí àpèjúwe tí Ànábì ṣe nípa àwọn èrò inú ọkọ̀ ojú omi, nínú hádíìsì Bukhari. Àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ń gòkè lọ pọn omi, ó wá sú wọn láti máa yọ àwọn ti òkè lẹ́nu, ni wọ́n bá ní àwọn á lu ihò sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀. Ànábì ní bí wọ́n bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò ṣègbé. Bí wọ́n bá di ọwọ́ wọn mú, gbogbo wọn ni yóò là. Ẹni tí ó bá ń da ìdọ̀tí sí ojú gọ́tà ní àdúgbò wa, ihò ni ó ń lù. Kì í ṣe ilé tirẹ̀ nìkan ni omi yóò wọ̀.

Omi púpọ̀ kì í ṣe omi rere

Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹbí ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí kànga bá gbẹ níbí, a máa ń rò pé àwọn tí ó wà lẹ́bàá òkun ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, omi yí ilé ká, síbẹ̀ píọ̀ wọ́tà ni wọ́n ń rà mu. Bí a bá gbẹ́ kànga sí ibi tí ó súnmọ́ ọ̀sà, omi iyọ̀ a máa wọ inú rẹ̀, pàápàá bí ẹ̀rọ púpọ̀ bá ń fa omi ilẹ̀ lójú kan. Ṣáláńgá àti kànga a sì máa súnmọ́ ara wọn jù, nítorí ilẹ̀ kò tó.

Dáàmù Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, wà lára ohun tí ó ń mú kí Abẹ́òkúta àti Èkó rí omi mu ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, nígbà tí dáàmù náà kún tí wọ́n tú omi rẹ̀ sílẹ̀, àwọn ará Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú ni omi lé jáde nílé. Ẹ ò rí i pé ẹjọ́ wa kan náà ni? Ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ògùnpa kì í ṣe odò ńlá bí Ọya. Ohun tí ó sọ ọ́ di apani ni òjò ńlá tí ó bá ojú odò tí ìdọ̀tí ti dí, àti ilé tí a ti kọ́ sí ojú ọ̀nà omi.

Ní ìdà kejì, ẹ wo ilẹ̀ gbígbẹ. Èmi tí mò ń kọ èyí, àlùbọ́sà ni mò ń tà, Sokoto ni mo ti ń kó o. Òjò ibẹ̀ kò tó tiwa, ó sì ń tètè dá. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n sé sí dáàmù Goronyo ní àsìkò òjò ni àwọn àgbẹ̀ ń là sí oko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo ti dúró lórí oko wọn rí. Wọ́n ń ṣí ọ̀nà omi sí ebè kan, wọ́n ń dí i, wọ́n ń ṣí òmíràn, olúkúlùkù mọ àkókò tirẹ̀. Àlùbọ́sà tí ìyàwó ilé ń rẹ́ sínú ọbẹ̀ ní Kpata, omi tí ẹnìkan tọ́jú ni. Dáàmù yẹn náà ní ọdún 2010, omi ya ibi tí ó ń gbà kọjá, ó sì gbá abúlé lọ. Ohun tí ó dá oko sílẹ̀ ni ó pa á. Kò sí ilẹ̀ tí omi kò ti lè jẹ́ ìkẹ́, kò sì sí ibi tí kò ti lè jẹ́ àdánwò.

Ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹlòmíràn nìkan. Ní ọdún 2022, a ti gbọ́ lórí rédíò láti oṣù kẹsàn-án pé wọ́n ti ń tú omi Lagdo sílẹ̀. Ọmọkùnrin mi wá bá mi, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí á kó àpò àlùbọ́sà gòkè." Mo dá a lóhùn pé Ọlọ́hun ni aláàbò, pé omi ọdún 2018 kò dé ojú ìsọ̀ mi. Òótọ́ ni mo sọ pé Ọlọ́hun ni aláàbò. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ni mo ń ṣírò nínú ọkàn mi, mo kàn fi orúkọ Ọlọ́hun bò ó ni. Ní òru ọjọ́ kẹta, omi wọ ìsọ̀. Àpò mẹ́tàlélógún ni ó jẹrà. Ó wọ ilé kéú pẹ̀lú, àwọn wàláà ọmọ léfòó lójú omi, títí kan èyí tí ọmọ ọdún méje kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ súrà rẹ̀ sí.

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní hádíìsì ọkùnrin tí ó bi Ànábì bóyá kí òun so ràkúnmí òun tàbí kí òun gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun, tí Ànábì sì ní kí ó so ó, kí ó sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun: èmi náà ni n kò so ràkúnmí mi. Ìgbẹ́kẹ̀lé kọ́ ni mo ní, àìbìkítà ni. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹlòmíràn má bàa tún un ṣe.

Ohun tí ó kù fún wa ní Kpata

Kíkúrò ní etí odò pátápátá kò rọrùn. Ọjà wa wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni owó ilé kò ti wọ́n, ibẹ̀ sì ni àwọn bàbá wa sọ̀ sí nígbà tí wọ́n dé. N kò ní pàṣẹ ohun tí agbára ẹnìkan kò ká. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé tuntun, mo bẹ̀ ẹ́ ní orúkọ Ọlọ́hun, kí ó má kọ́ ọ sí ibi tí omi 2012 tàbí ti 2022 dé. Àmì rẹ̀ ṣì wà lára ògiri. Ẹni tí ó bá sì ní ilé síbẹ̀ tí ó ń gba owó ilé, kí ó sọ òtítọ́ fún ayálégbé kí ó tó gba owó rẹ̀. Fífi àbùkù ọjà pamọ́ kò tọ́ nínú sàríà, ilé náà sì wà lábẹ́ òfin yìí.

Kí òjò tó dé: Kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan tú gọ́tà rẹ̀ láti oṣù kẹta, kí a sì kó ẹrẹ̀ rẹ̀ kúrò létí gọ́tà, kí òjò àkọ́kọ́ má bàa gbé e padà. Kí a pe àwọn Nupe, Hausa, Ebira àti àwọn aládùúgbò wa yòókù sí i, nítorí omi kì í béèrè èdè kí ó tó wọlé. Kí a máa fetí sí ìkéde àjọ NIHSA, tí ó ń sọ ohun tí a lè retí lọ́dọọdún, kí ẹnìkan nínú mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan sì máa kà á fún ìjọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Nígbà tí omi bá ń gòkè: Kí ẹgbẹ́ wa ní ìwé kan tí orúkọ àwọn arúgbó, àwọn aláìsàn, àwọn aboyún àti àwọn opó tí ó wà ní ìlà ìsàlẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí a sì yan ọ̀dọ́ tí yóò gbé olúkúlùkù wọn. Kí a má dúró de omi ní ẹnu ọ̀nà kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí wá ọkọ̀.

Nígbà tí omi bá fà: Kànga tí omíyalé wọ̀ kò ṣeé mu bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀gbin bá ti yí àwọ̀ rẹ̀, adùn rẹ̀ tàbí òórùn rẹ̀ padà, kò tó àlùwàlá ṣe, ká má tíì sọ mímu. Kí a fa omi rẹ̀ jáde, kí a fọ̀ ọ́, kí a pe àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti fi oògùn sí i, kí a sì máa se omi mímu títí yóò fi hó. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, kí a po omi mímọ́ lítà kan pẹ̀lú ṣíbí ìmutíì ṣúgà mẹ́fà àti ìlàjì ṣíbí iyọ̀, tí a fi ọwọ́ tẹ́ lójú, kí a máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń gbé e lọ sí ọsibítù. Onígbáméjì kì í fún ènìyàn láàyè.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: Ànábì a máa fi omi ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ méjì, tí wọ́n ń pè ní mudd, ṣe àlùwàlá. Búútà wa gba ìlọ́po mélòó rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á wọ̀n ọ́n nílé. Kí a fi ọ̀pá gba omi òjò láti orí páànù mọ́sálásí sínú táńkì, kí ó lè tó fún àlùwàlá ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí òjò bá dá. Kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30. A mọ̀ pé ilẹ̀ Kpata há. Nítorí náà, dípò kí ilé mẹ́wàá gbẹ́ kànga mẹ́wàá sí ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n pawọ́ pọ̀ gbẹ́ kan sí ibi gíga, kí ẹnu rẹ̀ ga ju ibi tí omi dé lọ, kí ó sì ní ìdérí. Sàhábà Uthman ra kànga Ruma, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Sàdákà tí kì í tán ni. Tí ẹnìkan wa kò bá lè dá a rà, ogún ènìyàn lè parapọ̀ ṣe é.

Àkótán

Súrà Al-Mu'minuun kọ́ wa pé òdiwọ̀n ni Ọlọ́hun fi ń sọ omi kalẹ̀, pé Ó ń fi í pamọ́ sínú ilẹ̀, Ó sì lágbára láti mú un lọ. Ìparí súrà Al-Mulk sì bi wá pé bí omi wa bá rì sínú ilẹ̀, ta ni yóò mú òmíràn tí ń ṣàn wá fún wa. Ará Niamey tí ó rí odò tí ó dá ní ọdún 1985 mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí. Àwa tí a rí omi ọdún 2022 náà mọ̀ ọ́n láti ìdà kejì.

Ìbéèrè tí kí bàbá àti ìyá bi àwọn ọmọ nílé:

1. Kí ni Ànábì tọrọ ní Jímọ̀ kejì, kí sì ni kò tọrọ?
2. Báwo ni ẹjọ́ odò Mahzur ṣe kan dáàmù Lagdo, báwo ni ó sì ṣe kan gọ́tà iwájú ilé wa?
3. Nínú ilé wa, ta ni ẹni àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ gbé bí omi bá dé lóru? Níbo ni a óò gbé e lọ?
4. Omi mélòó ni a fi ń ṣe àlùwàlá kan? Ẹ wọ̀n ọ́n.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí òjò ọdún yìí rọ̀ sí orí òkè, sí àfonífojì àti sí ìdí igi. Kí Ó má jẹ́ kí á sunkún àìrómi, kí Ó má sì jẹ́ kí á sunkún omi. Kí Ó forí jì wá níbi tí a ti ṣe àìbìkítà, kí Ó sì kẹ́ àwọn tí omi gbé lọ nínú wa. Àmín.

Wa salaamu alaikum wa rahmatullaahi wa barakaatuhu.